Ṣé o mọ̀? Ara kì í tètè gbàgbé ìpayà

Lẹ́yìn tí ewu ti kọjá, àyà ṣì lè máa já, kí oorun sì jìnnà. Ní Amẹ́ríkà, Bessel van der Kolk àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi yoga jẹ́jẹ́ ran àwọn obìnrin tí ìpayà àtijọ́ ń bá jà lọ́wọ́ fún ọ̀sẹ̀ 10. Àbájáde rẹ̀ jáde ní 2014: nínú 31 tó ṣe yoga, 16 bọ́ nínú àìsàn ìpayà náà, àmọ́ nínú 29 tó gba ẹ̀kọ́ ìlera dípò yoga, 6 péré. Yoga kò dípò dókítà o.

Ní Ògùn tiwa, Lambo, dókítà àìsàn ọpọlọ, ti mọ agbára ìkẹ́gbẹ́ láti 1954: ní Aro, l'Abẹ́òkúta, nígbà náà, aláìsàn ń gbé láàárín ará abúlé, ẹbí rẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ní Ìjẹ̀bú-Igbó, Àgọ́-Ìwòyè tàbí Abigi, ẹní àti ibi tó dákẹ́ ti tó láti jọ ṣe yoga jẹ́jẹ́. Ẹni tó bá fẹ́ kàn jókòó, ẹ jẹ́ kó jókòó.