Àwọn Ewéko Kéékèèké Tí Ń Mu Ìkùukùu

Létí òkun ni Jamestown ti ìlú Accra wà, síbẹ̀ ilẹ̀ gbígbẹ ni. Òjò tí ń rọ̀ níbẹ̀ lọ́dún kò fi bẹ́ẹ̀ ju 800 mìlímítà lọ. Ẹni tí ó bá ń wá mọ́ọ̀sì, ewéko tútù kékeré tí ń bo ògiri àti òkúta, ibi tí omi ti ń jò ni kí ó kọ́kọ́ wò.

Ẹ jẹ́ kí á fi etí òkun sílẹ̀, kí á lọ sí òkè Atewa, tí ó ga ju 700 mítà lọ. Níbẹ̀ ni mọ́ọ̀sì àti ìbátan rẹ̀, lífáwọ́ọ̀tì, tí àwọn Òyìnbó àtijọ́ fi ẹ̀dọ̀ sọ lórúkọ nítorí ìrísí rẹ̀, ti ń bo èèpo igi. Kí ni ó fa ìyàtọ̀ yìí? Ewéko wọ̀nyí kò ní gbòǹgbò tòótọ́. Ara ni wọ́n fi ń mu omi. Nínú igbó pẹ̀tẹ́lẹ̀, ooru òru a máa mú kí wọ́n ná oúnjẹ tí wọ́n fi ìmọ́lẹ̀ díẹ̀ ti ọ̀sán ṣe. Lórí òkè, afẹ́fẹ́ tutù, ìkùukùu sì ń fún wọn lómi.

Ṣùgbọ́n ohun gbogbo ní ìwọ̀n. Lórí àwọn òkè ńlá ilẹ̀ olóoru, agbedeméjì, níbi tí ìkùukùu ti ń bà lé igbó, ni oríṣi wọn máa ń pọ̀ jù. Lórí Òkè Cameroon, tí ó ga ju 4,000 mítà lọ, igbó parí kí a tó dé ṣóńṣó. Koríko àti òtútù ni ó gba ibẹ̀.

Atewa kò ga tó bẹ́ẹ̀. Orí rẹ̀ ni ìkùukùu ń bà sí, orí rẹ̀ náà sì ni bauxite, erùpẹ̀ tí a fi ń ṣe alumíníọ̀mù, wà. Ní 2018, ìjọba Ghana bá ilé iṣẹ́ Sinohydro ti ilẹ̀ Ṣáínà ṣe àdéhùn láti fi owó bauxite san owó iṣẹ́ ọ̀nà. Ní 2020, ẹgbẹ́ A Rocha Ghana àti àwọn mìíràn gbé ọ̀ràn Atewa lọ sí ilé ẹjọ́. Bí a bá gé orí òkè kúrò, níbo ni ewéko tí ń wá òtútù yóò tún gùn sí?

Ọ̀ràn yìí kan ẹni tí ń pọnmi ní Accra pẹ̀lú. Láti Atewa ni odò Densu ti ṣẹ̀, adágún Weija tí ó ń gba omi rẹ̀ sì ń pèsè omi ẹ̀rọ fún apá ìwọ̀-oòrùn ìlú náà. Mọ́ọ̀sì a máa fa omi mọ́ra bí kànìnkànìn, a sì máa tú u sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Odò tí ó bá gbàgbé orísun rẹ̀, gbígbẹ ni yóò gbẹ.

Nítorí náà, ẹ̀yin olùkọ́ wa, ẹ kó àwọn ọmọ lọ sí orí òkè tí ó wà nítòsí yín, kí wọ́n ka oríṣi ewéko tí ó wà ní ìsàlẹ̀, ní àárín àti lókè. Ohun ìní ilẹ̀ wa, àwa ni ó yẹ kí á kọ́kọ́ mọ iye rẹ̀.