Ṣé O Mọ̀? Ohun Tí Ọmọdé Ń Rántí Nínú Ọdún

Ṣé o mọ̀ pé ọ̀pọ̀ àgbàlagbà kì í rántí ohun tó ṣẹlẹ̀ kí wọ́n tó pé nǹkan bí ọmọ ọdún 3? Ọmọ ọdún 2 tó ń sá tẹ̀ lé àgbò Iléyá káàkiri agboolé lè gbàgbé gbogbo rẹ̀ pátápátá. Ṣùgbọ́n ìwádìí àwọn onímọ̀ bíi Robyn Fivush ti Yunifásítì Emory ní Amẹ́ríkà fi hàn pé ọmọ tí òbí máa ń bá tú ọ̀rọ̀ àná palẹ̀ máa ń rántí nǹkan dáadáa. Nítorí náà, bí ẹ bá ti ìlú tí ẹ ti lọ ṣọdún dé, ẹ bi ọmọ yín pé: “Ta ló fún ẹ lówó ọdún? Kí ni àgbò yẹn ṣe?” Ẹ jẹ́ kó fẹnu ara rẹ̀ rò ó.