Agolo Èéfín Tí Kò Gbọdọ̀ Kú

Ewúrẹ́ aládùúgbò kan ni ó kọ́ mi pé a kì í tìtorí owó pọ́ọ́kú ra agolo èéfín.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, èmi àti àbúrò mi ṣí ilé oyin kan ní oko wa lẹ́bàá Ìsẹ́yìn. Agolo kékeré kan ni mo gbé lé e lọ́wọ́, ewé àgbàdo gbígbẹ nìkan ni mo sì kì sínú rẹ̀. A kò tíì yọ afárá kejì tí iná fi kú. "Ẹ̀gbọ́n, kò rú mọ́ o!" Oyin kan ta mí ní ọrùn ọwọ́, àwọn yòókù sì tú jáde. Àwa wọ aṣọ ààbò, a sì rí ọ̀nà sá. Ewúrẹ́ tí wọ́n so mọ́ ìdí igi kajú kò rí ọ̀nà kankan sá. Ó kú kí ilẹ̀ tó ṣú, mo sì san owó rẹ̀.

Bí oyin bá ta ènìyàn, òórùn kan a máa jáde níbi oró rẹ̀, tí ó fara jọ ti ọ̀gẹ̀dẹ̀ pípọ́n. Òun ni ó ń pe àwọn yòókù sí ìjà. Èéfín a máa bo òórùn náà mọ́lẹ̀. A sì tún máa mú kí àwọn kòkòrò náà sáré lọ mu oyin inú afárá ní àmuyó, bí ẹni tí ó fẹ́ ṣí kúrò nílé.

Ẹni tí ó bá mọ ẹwìrì alágbẹ̀dẹ ti mọ ìdajì agolo yìí. Moses Quinby, ará Amẹ́ríkà, ni ó so ẹwìrì mọ́ agolo ní àwọn ọdún 1870. Bí ẹ bá fẹ́ ra tiyín, ẹ wá èyí tí ó fẹ̀ tó íǹṣì 4, tí ó sì ga tó íǹṣì 10, nítorí oyin ilẹ̀ wa kì í gba gbẹ̀rẹ́. Kí ó jẹ́ irin tí ìpáàrà kò lè jẹ, kí wáyà sì yí i ká kí ó má baà jó yín lọ́wọ́. Ẹ tẹ ẹwìrì rẹ̀ wò níwájú ẹni tí ń tà á.

Síbẹ̀, ohun tí a kì sínú rẹ̀ ló ṣe kókó jù. Ewé àgbàdo a máa jó fòò, a sì kú. Èèpo àgbọn gbígbẹ, kùùkù àgbàdo, èérún pákó tàbí àkísà àpò ìdọ̀họ ni mo ń lò báyìí. (Àpò tí wọ́n fi kó ajílẹ̀ tàbí tí wọ́n ti fín oògùn sí kò dára; bẹ́ẹ̀ ni ọ̀rá, rọ́bà àti pákó tí wọ́n kùn lọ́dà.) Mo máa ń ju bébà tí ó ń jó sí ìsàlẹ̀, n ó da koríko gbígbẹ díẹ̀ lé e, n ó máa tẹ ẹwìrì títí iná yóò fi ràn, kí n tó kó kùùkù àgbàdo àti èèpo àgbọn lé e, kí n sì kì í mọ́lẹ̀. Koríko tútù ni mo fi ń bo orí rẹ̀, kí èéfín lè tutù, kí ẹ̀ta iná má sì fò jáde. Ẹ fẹ́ ẹ sí ẹ̀yìn ọwọ́ yín: bí ó bá gbóná, ẹ fi koríko tútù kún un. Èéfín gbígbóná ń jó ìyẹ́ oyin, ó sì ń bí wọn nínú.

Ẹ fẹ́ ẹ díẹ̀ sí ẹnu ọ̀nà ilé oyin, ẹ dúró fún bí ìṣẹ́jú kan, kí ẹ tó ṣí i. Bí ó bá pọ̀ jù, adùn oyin yóò rùn èéfín. Bí iṣẹ́ bá parí, ẹ fi ewé tútù dí ẹnu agolo. Ẹ má ṣe da ẹyin iná sórí koríko, pàápàá ní àkókò ọyẹ́.

Àbúrò mi ni ó ń tọ́jú agolo báyìí. Kò jẹ́ kí n fọwọ́ kan ilé oyin kankan títí agolo yóò fi rú fún ìṣẹ́jú 10 láìsí ẹni tí ó tẹ̀ ẹ́.