Ilé gogoro tó ń hu igi: ṣé ó ṣeé ṣe l'Ékìtì?

Ohun tó ń kọ mí lóminú l'Ódò-Ọwá Èkìtì ni bí ilé ṣe ń jẹ oko kòkó lọ. Ìkọ́lé sókè kì í ṣe tuntun sí wa: owó kòkó ni wọ́n fi kọ́ Cocoa House n'Ìbàdàn, alájà 26, ní 1965.

Ní Milan, l'Ítálì, wọ́n parí ilé gogoro méjì kan, Bosco Verticale, ní 2014. Igi bí 800 ló wà ní fàráńdà wọn, tó ń ṣíji bo yàrá kóoru lè dín kù. Kọnkéré ibẹ̀ nípọn gan-an, torí yẹ̀pẹ̀ tó bá mumi wúwo. Wọ́n sì so igi mọ́lẹ̀ kí ìjì má gbé e lu èèyàn.

Pọ́ńpù ló ń bomi rin wọ́n. Tiwa ńkọ́, tí NEPA bá múná lọ? Ní tèmi, ẹ jẹ́ ká kọ́ alájà mẹ́ta: ṣọ́ọ̀bù nísàlẹ̀, yàrá lókè, táǹkì omi òjò nítòsí òrùlé, kómi fúnra ẹ̀ máa ṣàn wá sídìí igi.