Bàálù Ìkẹjà sí Kùtọnu: Ṣé Ó Yá Ju Mọ́tò Lọ?

Ẹ̀yin ará Ọ̀jọ́, Ìbà àti Okokomaiko, ẹ bá mi ṣírò yìí. Láti pápákọ̀ òfuurufú Ìkẹjà sí ti Kùtọnu, tààrà bí ẹyẹ ṣe ń fò, kìlómítà 106 péré ni. Bàálù tó ń sá kìlómítà 800 ní wákàtí kan ìbá jẹ ẹ́ tán ní ìṣẹ́jú 8. Irọ́ ni o! Kò ní tíì gòkè débi tí yóò ti sá eré yẹn tí yóò fi máa sọ̀kalẹ̀. Ẹ ka nǹkan bí ìṣẹ́jú 30.

Wọ́n tún ní kéèyàn ti dé pápákọ̀ ní wákàtí 3 ṣáájú. Bẹ́ẹ̀ Okokomaiko ti wà lọ́nà Kùtọnu tẹ́lẹ̀! Ẹ óò kọ́kọ́ padà sẹ́yìn lọ sí Ìkẹjà nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ, kí bàálù tó gbé yín kọjá ládùúgbò yín. Èmi ò ní ṣe é. Mọ́tò Sẹ̀mẹ̀ ni n ó wọ̀, bí wọ́n tilẹ̀ ń dá ọkọ̀ dúró lójú ọ̀nà.