Ègé Igi Tí Ń Pa Òórùn Omi Ẹ̀gbin

Ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́, òórùn bí ẹyin tí ó bàjẹ́ tí ń jáde níbi tí wọ́n ti ń sọ omi ẹ̀gbin di mímọ́ kì í ṣe ìnira imú nìkan. Bí gáàsì náà bá pọ̀ jù, imú kì í gbọ́ ọ mọ́, ó sì lè pani.

Lọ́dún 1957, Richard Pomeroy gba ìwé ẹ̀tọ́ ní Amẹ́ríkà lórí ọgbọ́n kan: kí a fẹ́ afẹ́fẹ́ tí ń rùn gba abẹ́ ebè iyẹ̀pẹ̀. Lóde òní, ègé igi àti ewé jíjẹrà ni wọ́n sábà ń lò. Bí afẹ́fẹ́ ti ń gòkè, àwọn kòkòrò àìfojúrí inú ebè a máa jẹ gáàsì náà.

Bí ebè bá gbẹ, wọ́n á kú, òórùn á sì padà. Ẹni tí ń tọ́jú rẹ̀ gbọ́dọ̀ máa bomi rin ín bí ọgbà ẹ̀fọ́.