Agọ̀ Batman tí Adam West kò rí bọ́ ló padà sọ ọ́ di ẹni àpọ́nlé

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní bí eégún ẹni bá jóo re, orí a máa yá atọ́kùn rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí eégún bá jó tán, tí agọ̀ wá lẹ̀ mọ́ ẹni tó gbé e lára, tí kò ṣeé bọ́ mọ́ ńkọ́? Ohun tó ṣẹlẹ̀ sí Adam West nìyẹn, òṣèré ará Amẹ́ríkà tó ṣe Batman lórí tẹlifíṣàn láyé ọjọ́un.

Ọjọ́ kejìlá, oṣù kìn-ín-ní, ọdún 1966 ni iléeṣẹ́ tẹlifíṣàn ABC bẹ̀rẹ̀ sí í gbé eré náà jáde. Inú ìwé ìtàn alàwòrán tó ti wà láti ọdún 1939 ni wọ́n ti mú un. Olówó kan ni Batman, tó máa ń fi ìbòjú tó ní etí bíi ti àdán bojú, tí òun àti Robin, ọmọ tó gbà tọ́, yóò sì jọ máa lé àwọn ọ̀daràn kiri ìlú. Burt Ward ló ṣe Robin. Bí ọ̀ràn bá ti ju agbára ọlọ́pàá lọ, ọ̀gá wọn á tan iná kan tó ní àwòrán àdán sójú ọ̀run, Batman á sì dé.

Ẹ̀ẹ̀mejì lọ́sẹ̀ ni wọ́n ń ṣe é níbẹ̀rẹ̀. Bí ti ọjọ́ àkọ́kọ́ bá fẹ́ parí, wọ́n á ti so Batman mọ́bi tí ikú ti ń wò ó lójú, oníkálukú á sì lọ sùn pẹ̀lú àyà jíjá. Bí ìjà bá dé, lẹ́tà gàdàgbà-gàdàgbà ni wọ́n fi ń kọ ìró ẹ̀ṣẹ́ sójú tẹlifíṣàn. Àwọn ọmọdé gbà pé òótọ́ ni. Àwọn àgbà mọ̀ pé ẹ̀fẹ̀ ni, wọ́n ń rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n Adam West kì í rẹ́rìn-ín ní tiẹ̀. Ibẹ̀ gan-an ni adùn eré náà wà.

Àwọn ọ̀tá rẹ̀ náà kì í ṣe kékeré. Cesar Romero tó ṣe Joker kọ̀ jálẹ̀, kò fá irunmú rẹ̀. Ọ̀dà funfun ni wọ́n ń kùn lé e lórí, ẹni tó bá sì wò ó dáadáa á rí i. Burgess Meredith ṣe Penguin, Frank Gorshin ṣe Riddler. Julie Newmar ló kọ́kọ́ ṣe Catwoman, olè obìnrin tó ń múra bí ológbò. Lọ́dún 1967, wọ́n gbé e fún Eartha Kitt, obìnrin aláwọ̀ dúdú. Lásìkò tí ìjà fún ẹ̀tọ́ àwọn aláwọ̀ dúdú ṣì gbóná ní Amẹ́ríkà, ohun kékeré kọ́ nìyẹn.

Lóṣù kẹta ọdún 1968, lẹ́yìn tí wọ́n ti ṣe é nígbà 120, eré náà kásẹ̀ nílẹ̀. Ìgbà náà ni wàhálà bá Adam West. Ibi yòówù tó bá wáṣẹ́ dé, Batman ni wọ́n ń rí lójú rẹ̀. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, ó ń wọ aṣọ Batman kiri ibi tí wọ́n ti ń pàtẹ mọ́tò, kó lè rówó jẹun. Nígbà tí wọ́n sì ṣe fíìmù Batman ńlá lọ́dún 1989, Michael Keaton ni wọ́n pè.

Àwọn olólùfẹ́ eré náà ni kò jẹ́ kó kú. Àwọn ọmọ tó wò ó nígbà náà di bàbá àti ìyá, wọ́n sì ń bá àwọn ọmọ tiwọn wò ó bí wọ́n bá ti ń tún un gbé jáde. Wọn kò tilẹ̀ rí i rà, nítorí àwọn iléeṣẹ́ tí ọ̀rọ̀ kàn kò fohùn ṣọ̀kan lórí ẹni tó ni ín. Ọdún 2014 ló tó jáde lórí díìsìkì, ọdún 46 lẹ́yìn tó parí. Lọ́dún 2013, ẹnì kan ra mọ́tò dúdú tí Batman ń gùn ní gbàǹjo ní Arizona, owó rẹ̀ sì lé ní mílíọ̀nù mẹ́rin dọ́là.

Nígbà tí Adam West rí i pé ìfẹ́ yìí kò tán, ó jáwọ́ nínú ìbínú. Ó ń bá wọn ya fọ́tò, ó ń fọwọ́ sí ìwé fún wọn, ó sì ń fi ara rẹ̀ ṣe yẹ̀yẹ́. Lọ́dún 2016, òun, Burt Ward àti Julie Newmar tún fi ohùn wọn ṣe fíìmù Batman alàwòrán kan, lẹ́yìn àádọ́ta ọdún.

Ọjọ́ kẹsàn-án, oṣù kẹfà, ọdún 2017 ló kú, lẹ́ni ọdún 88. Lọ́jọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún oṣù náà, èrò pé jọ síwájú gbọ̀ngàn ìlú Los Angeles, àwọn mìíràn wọ aṣọ Batman wá. Olórí ìlú àti ọ̀gá ọlọ́pàá tan iná aládàán náà sára ilé ọ̀hún. Nínú eré, bí iná yẹn bá ti tàn, Batman á dé. Lálẹ́ ọjọ́ yẹn, gbogbo wọn mọ̀ pé kò ní dé mọ́. Síbẹ̀, wọ́n tan án.